'Rárá' Nìkan Ni Ó Ń Sọ: Sọ̀wédowó Aláìníwèé àti Ọ̀nà Àwọn Oníjìbìtì

Nígbà tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí oníṣòwò ṣe lè gba sọ̀wédowó lórí ẹ̀rọ ayélujára láìkó sí ọwọ́ oníjìbìtì, ohun tí ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe kọ̀ǹpútà rárá. Òṣómàáló ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà mọ ìtàn àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyẹn. Wọ́n a máa ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n a sì máa tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, òṣómàáló yóò lọ sí ilé ajigbèsè, yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì sọ pé lórí òṣó ni òun yóò wà títí òun yóò fi gba owó òun. Inú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ wọn ti jáde. Àwọn ènìyàn a máa fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó fún òṣómàáló lágbára láti gbé aṣọ fún ẹni tí kò tí ì sanwó. Ó mọ ilé oníbàárà rẹ̀. Ó mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ àwọn ẹbí rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ ọjà tí ẹni náà kò ní lè ṣàì jáde. Bí onítọ̀hún bá sẹ́ pé òun kò ra aṣọ, aṣọ ọ̀hún wà lára ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń wò.

Oníṣòwò orí ẹ̀rọ ayélujára kò ní ẹnu ọ̀nà tí yóò lóṣòó sí. Orúkọ tí ó rí lè jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn, ilé tí ó rí lè jẹ́ ilé àyálò fún ọjọ́ méjì péré. Síbẹ̀, ó ń ta ọjà láwìn bí òṣómàáló ṣe ń tà á, àmọ́ òun kò mọ̀ pé àwìn ni òun ń tà. Èyí gan-an ni ìṣòro tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ mi yóò dá lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ju ibòmíràn lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni irúfẹ́ sọ̀wédowó tí mo ń wí ti fìdí múlẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tí ń ṣòwò ní Houston, ní Chicago àti ní Maryland sì ń bá a pàdé. Lẹ́yìn náà, n ó padà wálé.

Ohun tí sọ̀wédowó jẹ́

Sọ̀wédowó kì í ṣe owó. Iṣẹ́ rírán ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ ń rán báǹkì rẹ̀ níṣẹ́ pé, 'Ẹ fún lágbájá ní iye báyìí nínú owó mi tí ó wà lọ́wọ́ yín.' Láyé àwọn baba wa, ẹni tí ó bá rán ọmọ lọ gba nǹkan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi àmì lé e lọ́wọ́, bí òrùka tàbí fìlà tí ọ̀rẹ́ náà mọ̀ mọ́ ọn lára, kí ó lè dájú pé òun ni ó rán an. Ìbuwọ́lù ni àmì ti sọ̀wédowó. Akọ̀wé báǹkì yóò gbé ìbuwọ́lù tí ó wà lórí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí oníbàárà fi sílẹ̀ nígbà tí ó ṣí àkáǹtì, yóò sì fi ojú wọn wé ara wọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé a kò lè ṣe ayédèrú ìbuwọ́lù. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ohun kan wà tí a lè gbé lọ sí ilé-ẹjọ́ pé, 'Ẹ wò ó, ọwọ́ rẹ̀ nìyí,' tàbí 'Ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nìyí.'

Bí ìwé ṣe kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, iye sọ̀wédowó tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń kọ ti pọ̀ ju ohun tí ọwọ́ akọ̀wé lè kápá. Stanford Research Institute àti Bank of America pawọ́ pọ̀ ní California láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa ka sọ̀wédowó fúnra rẹ̀. Inú iṣẹ́ yìí ni àwọn nọ́ńbà tí ìrísí wọn ṣàjèjì díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ sọ̀wédowó ti jáde, èyí tí a fi yíǹkì onímágínẹ́ẹ̀tì tẹ̀. Ní 1972, àwọn báǹkì ní California bẹ̀rẹ̀ sí fi kọ̀ǹpútà yanjú owó láàárín ara wọn láìfi ìwé ránṣẹ́. Ní 1974 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Nacha sílẹ̀ tí yóò máa ṣe òfin fún irú ètò bẹ́ẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà. ACH ni orúkọ tí wọ́n ń pe ètò ọ̀hún títí di òní. Nígbà tí àjálù ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 2001 ṣẹlẹ̀, tí ìjọba dá gbogbo ọkọ̀ òfuurufú dúró, àpò àpò sọ̀wédowó tí ọkọ̀ òfuurufú máa ń kó láti ìlú kan sí èkejì há sílẹ̀. Ìyẹn wà lára ohun tí ó bí òfin Check 21, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2003, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 2004, tí ó jẹ́ kí àwòrán sọ̀wédowó lè ṣiṣẹ́ dípò sọ̀wédowó gan-an. Ní ilẹ̀ wa, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ irú ètò àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Èkó ní 2012.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a pa nǹkan méjì pọ̀ o. Àwòrán sọ̀wédowó ṣì ní ìbuwọ́lù nínú. Sọ̀wédowó tí mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò fìgbà kan jẹ́ ìwé. Oníbàárà yóò ṣí ojú ìwé ọlọ́jà lórí ẹ̀rọ ayélujára, yóò tẹ nọ́ńbà báǹkì rẹ̀ tí ó jẹ́ òǹkà mẹ́sàn-án, yóò tẹ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, yóò tẹ orúkọ, yóò sì fi ìka kan ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé, 'Mo gbà.' Ó parí. Kò sí òrùka, kò sí fìlà, kò sí ìbuwọ́lù tí akọ̀wé kankan yóò yẹ̀ wò. Sọ̀wédowó aláìníwèé ni n ó máa pè é.

Ètò tí kì í sọ pé bẹ́ẹ̀ ni

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí oníbàárà bá ti fi ìka kàn án ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Báǹkì ọlọ́jà yóò kó irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jọ pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn, yóò sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí alárinà. Alárinà méjì ni ó wà: Federal Reserve tí í ṣe báǹkì àpapọ̀ wọn ni ọ̀kan, ilé-iṣẹ́ tí àwọn báǹkì ńláńlá dá sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The Clearing House sì ni èkejì. Alárinà yóò ya ìbéèrè wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò fi ti báǹkì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí i. Báǹkì oníbàárà yóò yọ owó kúrò nínú àkáǹtì tí nọ́ńbà náà tọ́ka sí.

Bí kò bá sí wàhálà, báǹkì oníbàárà kò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Kò sí iṣẹ́ tí yóò padà wá pé, 'Bẹ́ẹ̀ ni, a ti rí i, òótọ́ ni.' Ìgbà tí wàhálà bá wà nìkan ni ètò yìí ń fọhùn. Àmì tí wọ́n fi ń fọhùn ní nọ́ńbà tirẹ̀. R01 túmọ̀ sí pé owó inú àkáǹtì kò tó. R02 túmọ̀ sí pé wọ́n ti pa àkáǹtì náà dé. R03 ní àwọn kò rí irú àkáǹtì bẹ́ẹ̀. R10 ní tirẹ̀ ni pé oníàkáǹtì sọ pé òun kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti yọ owó yìí.

'Rárá' nìkan ni ó mọ̀ ọ́n sọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni 'bẹ́ẹ̀ ni' rẹ̀. Gbogbo jìbìtì tí mo fẹ́ sọ fún yín wà nínú àlàfo tí ó wà láàárín ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti 'rárá'.

Báwo ni àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó? Fún R01, R02 àti R03, báǹkì oníbàárà ní ọjọ́ iṣẹ́ báǹkì méjì láti dá ìbéèrè padà. Fún R10, bí ó bá jẹ́ àkáǹtì ẹnì kan ni, ó ní ọgọ́ta ọjọ́ láti ọjọ́ tí owó ti kọjá. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Bí ọjọ́ mẹ́ta bá kọjá tí ọlọ́jà kò gbọ́ nǹkan kan, ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń sọ fún un ni pé àkáǹtì wà, owó sì wà nínú rẹ̀. Kò sọ pé ẹni tí ó ni owó ni ó rajà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ń ta aṣọ òkè ní Houston. Ìyá Aláṣọ ni n ó máa pè é. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ti ń hun aṣọ rẹ̀, àwọn ọmọ wa tí ń ṣe ìgbéyàwó ní òkè òkun ni ó sì ń rà á. Ẹnì kan wá láti orí ẹ̀rọ, ó ra aṣọ ọkọ àti ìyàwó àti ti àwọn ẹbí, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 1,800 dọ́là, ó sì fi sọ̀wédowó aláìníwèé san án. Ọjọ́ kẹta pé, ó rí i lójú ẹ̀rọ rẹ̀ pé owó ti wọlé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó di aṣọ, ó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, báǹkì rẹ̀ yọ 1,800 dọ́là padà kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, ó sì tún yọ owó ìyà lé e. R10. Bàbá àgbàlagbà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio ni ó ni àkáǹtì tí wọ́n ti yọ owó. Ìgbà tí ìwé ìṣirò oṣù dé ọwọ́ rẹ̀ ni ó rí i. Bàbá náà kò mọ aṣọ òkè, kò mọ Ìyá Aláṣọ, kò sì ní ìgbéyàwó kankan níwájú.

Ta ni kí a dá lẹ́bi? Kì í ṣe bàbá náà. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1978 lórí owó tí ẹ̀rọ ń gbé dáàbò bò ó, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Báǹkì bàbá yóò ní ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe ni òun ṣe. Báǹkì Ìyá Aláṣọ ni ó fi ọwọ́ sọ̀yà fún ètò náà pé oníàkáǹtì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n inú ìwé àdéhùn tí Ìyá Aláṣọ buwọ́ lù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbé ẹrù ọ̀hún kọ́ ọ lọ́rùn. Èmi kò tí ì rí oníṣòwò kékeré kan tí ó ka ìwé náà dé òpin.

N ó sọ ohun kan lẹ́bàá ọ̀nà fún ẹ̀yin tí ẹ ní àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Ọgọ́ta ọjọ́ tí mo sọ kì í ṣe tiyín. Bí wọ́n bá yọ owó nínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́ láìsí àṣẹ, ọjọ́ iṣẹ́ méjì péré ni báǹkì yín ní láti dá a padà. Ẹni tí ó bá ń dúró de ìparí oṣù kí ó tó wo àkáǹtì ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò pẹ́ jù.

Nọ́ńbà tí kì í ṣe àṣírí

Báwo ni oníjìbìtì ṣe rí nọ́ńbà bàbá Ohio? Kò ṣòro. Nọ́ńbà náà wà ní ìsàlẹ̀ gbogbo sọ̀wédowó tí bàbá ti kọ láyé rẹ̀. Onílé rí i, dókítà rí i. Bí bàbá bá fi sọ̀wédowó san ìdámẹ́wàá, ẹni tí ń ka owó ní ṣọ́ọ̀ṣì rí i. Ẹ rántí pé torí kí ẹ̀rọ lè kà á ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ní kí ó jẹ́ àṣírí nígbà náà. Ìbuwọ́lù ni kọ́kọ́rọ́, nọ́ńbà wulẹ̀ ń sọ ojúlé ni. Nígbà tí ìbuwọ́lù kúrò, nọ́ńbà ojúlé di kọ́kọ́rọ́. Mi ò rò pé ẹnì kan jókòó pète èyí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó rọra ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ ń yẹ nọ́ńbà wò kí ó tó gbà á, nítorí náà kò séwu. Òótọ́ ni pé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ń yẹ̀ wò. Nọ́ńbà Federal Reserve Bank ti ìlú Boston ni 011000015. Ẹ wá ìlọ́po 3 fún òǹkà kìíní, ìkẹrin àti ìkeje. Ẹ wá ìlọ́po 7 fún ìkejì, ìkarùn-ún àti ìkẹjọ. Kí ẹ fi ìkẹta, ìkẹfà àti ìkẹsàn-án sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ẹ ó rí 0, 14 àti 6, àròpọ̀ wọn sì jẹ́ 20. Níwọ̀n bí a ti lè fi 10 pín 20 láìṣẹ́kù, nọ́ńbà náà pé. Bí ẹ bá ṣi òǹkà kan tẹ̀, kò ní pé mọ́. Nọ́ńbà àkáǹtì wa ní Nàìjíríà náà ní irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀: òǹkà mẹ́wàá ni, èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn ni ó ń ṣọ́ àwọn yòókù. Àṣìtẹ̀ ni ẹ̀ṣọ́ yìí ń lé. Olè kì í ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Ó farabalẹ̀ dà á kọ ni.

Ìtàn kan wà tí ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe lè burú tó. Kí sọ̀wédowó orí ẹ̀rọ tó gbòde, àwọn ọlọ́jà orí tẹlifóònù ní Amẹ́ríkà ti ní irú sọ̀wédowó kan tí ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ láìsí ìbuwọ́lù oníàkáǹtì, bí ó bá ti lè rí nọ́ńbà rẹ̀ gbà. Wọ́n a pe àwọn arúgbó, wọ́n a fi ọ̀rọ̀ dídùn gba nọ́ńbà lẹ́nu wọn, wọ́n a sì bẹ̀rẹ̀ sí tẹ sọ̀wédowó. Ní 2008, àwọn alábòójútó báǹkì ti ìjọba àpapọ̀ mú kí báǹkì ńlá kan gbà láti san owó tí ó lè tó 125 mílíọ̀nù dọ́là padà fún àwọn tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé ojú rẹ̀ ni iye sọ̀wédowó tí ń padà ṣe ń pọ̀ sí i, tí kò sì dá wọn dúró. Ní 2015 ni wọ́n wá fi òfin ka irú sọ̀wédowó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ fún àwọn ọlọ́jà orí tẹlifóònù. Ọ̀rọ̀ iye tí ń padà yìí ṣe pàtàkì, n ó tún kàn án.

Ìbéèrè mẹ́ta tí ọlọ́jà ní láti bi

Kí ni kí Ìyá Aláṣọ ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta ni ó wà, wọn kò sì wúwo bákan náà. Ǹjẹ́ àkáǹtì yìí wà? Ǹjẹ́ ti ẹni tí ń bá mi sọ̀rọ̀ ni? Ǹjẹ́ ó fọwọ́ sí iye yìí, lónìí, fún ọjà yìí?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ti di dandan. Láti ọjọ́ 19 oṣù kẹta 2021, òfin Nacha ti sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ọlọ́jà bá fẹ́ yọ owó nínú àkáǹtì kan nípasẹ̀ ẹ̀rọ ayélujára, ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé àkáǹtì náà wà lóòótọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé àkáǹtì bàbá Ohio wà lóòótọ́. Òfin náà kò bá gba Ìyá Aláṣọ là.

Ìbéèrè kejì ni iṣẹ́ wà. Ọ̀nà tí ó ti pẹ́ ni pé kí ọlọ́jà fi owó kékeré méjì tí kò tó dọ́là kan ránṣẹ́ sínú àkáǹtì náà, kí ó wá bi oníbàárà pé, 'Èló àti èló ni?' Ẹni tí ó lè rí inú àkáǹtì ni yóò lè dáhùn. Olè tí ó da nọ́ńbà kọ láti ìsàlẹ̀ sọ̀wédowó kò ní lè dáhùn. Èyí ni ó sún mọ́ òrùka àti fìlà ayé àtijọ́ jù lọ lójú mi. Ó ní àléébù méjì: ó ń gba ọjọ́ kan sí méjì, oníbàárà tí ń kánjú a sì bínú lọ, bákan náà, olè tí ó ti jí ọ̀rọ̀ìpamọ́ bàbá yóò rí owó kékeré náà bí bàbá ṣe rí i. Àléébù kẹta kan wà tí ó pa mí lẹ́rìn-ín. Láàárín 2007 sí 2008, ọkùnrin kan ní California fi orúkọ àwọn ẹ̀dá inú eré àwòrán àti orúkọ mìíràn tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣí àkáǹtì, tàbí kí ó gbìyànjú láti ṣí i, lọ́nà tí ó lé ní 58,000, kí ó lè máa gba owó kékeré ìdánwò náà. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là jọ kí wọ́n tó mú un. Ohun tí a fi ń ṣọ́ olè ni ó sọ di oko. Ọ̀nà tuntun ni pé kí oníbàárà wọ inú báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí báǹkì náà sì sọ orúkọ oníàkáǹtì fún ọlọ́jà. Ó yá ju ti ìṣáájú lọ, bí oníbàárà bá gbà.

Ìbéèrè kẹta jẹ́ ti ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ tí oníbàárà fi ìka kàn gbọ́dọ̀ sọ iye owó, ọjọ́ tí a ó yọ ọ́, àti bí ó ṣe lè fagi lé e. Kí ọlọ́jà tọ́jú ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, àkókò tí wọ́n fi ìka kàn án, àti àdírẹ́sì ẹ̀rọ tí wọ́n lò. Òfin ní kí ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún méjì lẹ́yìn tí àṣẹ náà bá ti parí. N kò ní tàn yín: ẹ̀rí yìí kò ní dá R10 dúró. Bí oníàkáǹtì bá sẹ́, owó yóò padà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà tí ó rajà lóòótọ́ ni ó wá ń sẹ́, irú èyí sì wà, ẹ̀rí náà ni ọlọ́jà yóò gbé dání lọ bá a.

Mo ní n ó tún kan ọ̀rọ̀ iye tí ń padà. Nacha ń wo ọlọ́jà kọ̀ọ̀kan. Bí ìbéèrè rẹ̀ tí wọ́n dá padà pé kò sí àṣẹ bá ju 5 lọ nínú 1,000, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí bi báǹkì rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, báǹkì náà sì lè lé e kúrò. Ẹni tí ó ń ta ọjà 200 lóṣù, bí méjì péré nínú wọn bá padà, ó ti kọjá ààlà. Nítorí náà kì í ṣe owó aṣọ nìkan ni Ìyá Aláṣọ lè pàdánù. Ó lè pàdánù ẹnu ọ̀nà ọjà fúnra rẹ̀.

Ní ti dídúró, èmi kò lè sọ pé kí ó dúró fún ọgọ́ta ọjọ́ fún gbogbo oníbàárà. Kò ní tajà mọ́. Kí ó dúró bí iye owó àti ìmọ̀ tí ó ní nípa ẹni náà bá ṣe rí. Ẹni tí ó ti ra aṣọ nígbà mẹ́rin láti inú àkáǹtì kan náà kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó dé lánàá tí ó fẹ́ ra ti ẹbí odindi. Kí ó fura sí ẹni tí ó bá yí àdírẹ́sì padà lẹ́yìn tí ó ti sanwó. Ní ti aṣọ tí wọ́n ń hun fún ènìyàn, ọwọ́ ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn ti ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú àkókò náà, kò sì sí ohun tí ó burú nínú kí a sọ fún oníbàárà pé ìgbà tí owó bá fìdí múlẹ̀ ni a ó ta òwú.

Jìbìtì kan kù tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé ó kan àwọn ọmọ wa ní ìhà méjèèjì. Oníbàárà kan yóò san 3,000 dọ́là fún ọjà 1,800. Yóò ní òun ṣì í san, yóò sì bẹ ọlọ́jà pé kí ó bá òun fi 1,200 tí ó lé ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kíákíá. Ọlọ́jà yóò wo àkáǹtì rẹ̀, yóò rí 3,000 níbẹ̀ kedere, yóò sì fi 1,200 ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, 3,000 yóò padà síbi tí ó ti wá. Ohun tí ó jẹ́ kí ọgbọ́n yìí ṣiṣẹ́ pẹ̀lú sọ̀wédowó oníwèé ni òfin Amẹ́ríkà ti 1987 tí ó fi dandan lé e pé kí báǹkì tètè jẹ́ kí oníbàárà ná owó tí ó bá kó wá. Owó tí ẹ rí lójú àkáǹtì jẹ́ owó tí báǹkì yá yín lò títí tí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ọlọ́jà tí ó bá ní láti dá owó padà, inú àkáǹtì tí owó ti wá gan-an ni kí ó dá a padà sí, nígbà tí àkókò R10 bá sì ti kọjá. Ẹni tí ó bá kọ èyí, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Mo sọ pé ó kan wa ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù kẹsàn-án 2019, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè mìíràn ti mú ènìyàn 281 nítorí jìbìtì owó ilé-iṣẹ́. Nàìjíríà ni wọ́n ti mú 167 nínú wọn. Àwọn ọmọ tí a ń pè ní ọmọ Yahoo kò jẹ̀bi gbogbo jìbìtì ayé, ṣùgbọ́n Ìyá Aláṣọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ó ń bá wọn san gbèsè orúkọ. Bí ó bá fẹ́ kí báǹkì gba òun gẹ́gẹ́ bí ọlọ́jà, orúkọ rẹ̀ àti ìlú tí aṣọ rẹ̀ ti wá yóò mú kí wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Nílé

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Ní 1977, ìjọba ológun ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fi sọ̀wédowó tí kò lówó lẹ́yìn gba ọjà yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún méjì láìsí owó ìtanràn. Ẹ̀wọ̀n ni àwa fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi ọjọ́ àti àdéhùn ṣe tiwọn. N kò rò pé ẹ̀wọ̀n náà dẹ́rù ba ènìyàn tó bí a ti rò, nítorí pé a kò jáwọ́ nínú bíbẹ̀rù sọ̀wédowó títí tí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù fi gba ipò rẹ̀.

Fífi owó ránṣẹ́ yàtọ̀ gan-an sí sọ̀wédowó aláìníwèé. Ní Amẹ́ríkà, ọlọ́jà ni ó ń na ọwọ́ sínú àkáǹtì oníbàárà láti fa owó jáde. Ní tiwa, oníbàárà ni ó ń ti owó jáde fúnra rẹ̀, àti pé kí ó tó tì í, orúkọ ẹni tí yóò gbà á yóò hàn lójú fóònù. Oníjìbìtì wa kò lè fa owó bàbá kan jáde pẹ̀lú nọ́ńbà nìkan. Ó ní láti tan bàbá náà kí bàbá fúnra rẹ̀ tì í. Tàbí kí ó fi alẹ́ẹ̀tì ayédèrú tan ọlọ́jà pé òun ti tì í. Ẹ ó rí i pé ìbéèrè kan náà ni: ṣé owó ti wọlé, àbí ẹnì kan ń sọ fún mi pé ó ti wọlé? Ìyá tí ń ta ata ní Bódìjà ti mọ̀ pé inú àkáǹtì òun ni kí òun wò, kì í ṣe ojú fóònù oníbàárà.

Orúkọ tí ń hàn yìí ni ó mú mi bá àwọn tí ń ṣe òfin fún ètò ACH jiyàn nínú ọkàn mi. Nínú ètò tiwọn, báǹkì oníbàárà lè gba nọ́ńbà nìkan gbọ́, kò pọn dandan fún un láti wò ó bóyá orúkọ tí ọlọ́jà kọ bá orúkọ oníàkáǹtì mu. Ìdí tí wọ́n ń sọ ni pé ìbéèrè pọ̀ jù, orúkọ sì lè jẹ́ ìkékúrú tàbí kí a ṣì í kọ. Mo gbà pé ó ṣòro. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2020 ni àwọn báǹkì ńlá ti ń fi orúkọ wé nọ́ńbà fún ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́, a sì ti ń ṣe irú rẹ̀ nílé fún ìgbà pípẹ́. Báǹkì bàbá Ohio mọ̀ pé kì í ṣe orúkọ tí Ìyá Aláṣọ kọ ni ó wà lórí àkáǹtì náà. Ó mọ̀ ní ọjọ́ kìíní. Kò sí ẹni tí ó bi í, òfin kò sì ní kí ó sọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin amòfin tí ẹ wà níbí bá mi yẹ èyí wò nígbà ìbéèrè: bí ẹnì kan bá mọ ohun kan ní ọjọ́ kìíní, tí ó sì dákẹ́, kí ni ìdí tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni yóò san owó rẹ̀ ní ọjọ́ kọkànlélógójì?